"Ebi á pa á, á jẹ": ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kìí fi ṣiṣẹ́ fún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù

Kò sí ìyá kan tó ní ọmọ ọ́tísíìmù (autism, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọmọ yòókù láti kékeré) tí wọn ò tíì sọ fún pé "fi sílẹ̀ jàre, tí ebi bá pa á dáadáa á jẹ ẹ́." Ìyá àgbà á sọ ọ́, ará ilé á sọ ọ́, pásítọ̀ á sọ ọ́, nígbà míì nọ́ọ̀sì pàápàá á sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ kìí ṣe ìkà o, torí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ọmọ tó kọ àmàlà lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ tó rí i pé kò sí nǹkan míì, á jẹ ẹ́, á tún lá àwo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù yàtọ̀. Àwọn kan nínú wọn á febi sùn mọ́jú, wọ́n á tún febi sùn lọ́jọ́ kejì, títí wọ́n á fi gbé wọn dé ọsibítù kí wọ́n fa omi sí wọn lára. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti nǹkan tí èèyàn lè ṣe dípò ká máa bá ọmọ jà nídìí àwo oúnjẹ láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́.

Kìí ṣe nǹkan tuntun, kìí sì ṣe ilé yín nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Dókítà Leo Kanner tó kọ̀wé nípa ọ́tísíìmù ní Amẹ́ríkà ní 1943, ọmọ 11 ló sọ̀rọ̀ nípa wọn, ó sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà yẹn pé jíjẹun jẹ́ wàhálà fún àwọn kan nínú wọn láti ọmọ ọwọ́. Ní 2019, Susan Mayes ti Penn State, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àti ẹnìkejì ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ọmọ tó lé ní 2,000, wọ́n rí i pé bíi 70 nínú 100 ọmọ ọ́tísíìmù ni jíjẹun wọn ò rí bíi ti ọmọ yòókù, bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí kò ní ọ́tísíìmù tàbí ìṣòro míì, kò tó 5 nínú 100. Ìwádìí míì tó jáde ní 2013, tí àwọn kan ní Atlanta ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ ṣe, sọ pé wàhálà oúnjẹ wọ́pọ̀ lára wọn ní ìlọ́po 5 ju ti ọmọ yòókù lọ, àti pé protein tó ń mú ara dàgbà àti kálísíọ̀mù tó ń mú egungun le kìí tó nínú nǹkan tí wọ́n ń jẹ. Torí náà ìyá tó ń sunkún nínú kíṣìnì pé "kí ni mo ṣe fọ́mọ yìí", ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ò ṣe nǹkan kan fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé ẹnu wọn, imú wọn, etí wọn, ojú wọn kìí gba nǹkan bí tiwa ṣe ń gbà á. Fún àwọn kan, gbogbo nǹkan ló ti pọ̀jù, fún àwọn míì nǹkan ò tó lára, wọ́n fẹ́ kí ata ta wọ́n gan-an tàbí kí nǹkan dún wómúwómú lẹ́nu kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ń jẹun. Kódà nígbà tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tún DSM-5 tẹ̀ jáde ní 2013, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń dá irú nǹkan báyìí mọ̀, wọ́n fi èyí kún àmì ọ́tísíìmù. Ẹ wá wo oúnjẹ wa. Àmàlà rọ̀, ó gbóná, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ewédú ń fà, ó ń yọ̀ wọ ọ̀fun kí èèyàn tó múra sílẹ̀ fún un. Nínú ọbẹ̀ kan náà, pọ̀nmọ́ ń yọ̀, ṣàkì rí ṣákiṣàki, ẹja ní eegun, àlùbọ́sà ti rọ̀, èèpo tòmátò lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, gbogbo ẹ̀ nínú òkèlè kan ṣoṣo. Adùn la mọ̀ ọ́n sí àwa tó ti mọ́ lára. Fún ọmọ yìí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé àwo ìdin tó ṣì ń rìn síwájú ẹ, tí wọ́n ní kó o fi síbí bù ú jẹ, pé ó ń ṣara lóore, pé àwọn ọmọ yòókù ti jẹ tiwọn tán. Ọ̀fun ẹ á pa dé fúnra ẹ̀. Kìí ṣe pé o ya alágídí, kìí ṣe pé ìyá ẹ bà ẹ́ jẹ́, ara ló kọ̀ ọ́.

Ohun kejì ni pé wọ́n fẹ́ kí nǹkan jọra, kí lónìí rí bíi ti àná. Ìdí nìyí tí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà níbi gbogbo láyé, bùrẹ́dì, ìrẹsì, spaghetti, bísíkíìtì, pòtétò díndín, adìyẹ díndín, nínú ìwádìí Penn State yẹn náà nǹkan tí wọ́n fi ọkà ṣe bíi bùrẹ́dì àti spaghetti ló wà lókè, àtadìyẹ díndín kéékèèké. Níbí, ẹ fi Indomie kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí pé irú oúnjẹ yìí dùn ni, ó lè dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kìí yí padà. Indomie tẹ́ ẹ rà lóṣù tó kọjá àti èyí tẹ́ ẹ rà láàárọ̀ yìí, òórùn kan náà, adùn kan náà, bó ṣe ń rí lẹ́nu kan náà. Máńgòrò ńkọ́? Ìkan dùn, ìkan kan, ìkan ní okùn tó ń há sáàárín eyín, ìkan ti jẹrà nínú téèyàn ò sì rí i láti ìta. Ọbẹ̀ ata gan-an, ọjọ́ méjì kìí jọra, lónìí tòmátò kan jù, lọ́la tàtàṣé pọ̀, lọ́tùnla ìdí ìkòkò jóná díẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé nǹkan tó ń yí padà máa ń dẹ́rù bà á, ìgbà gbogbo ni ọbẹ̀ jẹ́ nǹkan àjèjì lójú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ló jẹ ẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ọmọ ọdún mẹ́fà. Dòdò ni oúnjẹ ẹ̀, dòdò tí wọ́n gé róbótó, tí wọ́n bá gé e gbọọrọ kò ní fọwọ́ kàn án. Ìyá ẹ̀ á tò ó sínú àwo aláwọ̀ búlúù, á rí i dájú pé òróró ti gbẹ lára ẹ̀. Ọmọ náà á mú ìkan, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ wíńdò, á yí i wò lẹ́yìn wò níwájú, tó bá rí i pé etí ẹ̀ ti dúdú, á rọra gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kò ní jù ú nù, kò ní sunkún, á kàn fi ìka ẹ̀ nu ara ṣòkòtò, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òmíì. Tó bá jẹ́ pé mẹ́ta ló dúdú léraléra, ó tán nìyẹn, á sún àwo náà síwájú, kò ní jẹ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọmọ yìí ń ṣe fáàrí. Mo ti jókòó tì í rí, ìbẹ̀rù ni mo rí lójú ẹ̀.

Ohun kẹta ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ "ebi á pa á" yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara wọn kìí sọ fún wọn kedere pé ebi ń pa wọ́n. Àwa, inú á kùn, orí á fẹ́ máa fọ́ wa díẹ̀, a mọ̀ pé oúnjẹ ló kù. Àwọn ọmọ yìí lè má mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, wọ́n á kàn máa sunkún, wọ́n á máa sáré káàkiri ilé, wọ́n á bu ara wọn jẹ, wọ́n á ju nǹkan, kò sì sẹ́ni tó máa ronú kan ebi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan kìí mọ̀ pé àwọn ti yó, wọ́n á jẹ títí wọ́n á fi bì. Ẹ wá sọ fún mi, ebi tí ọmọ ò gbọ́ bó ṣe ń pè é, báwo ló ṣe máa fipá mú un jẹ nǹkan tó ń dẹ́rù bà á?

Lẹ́yìn ìyẹn, àìsàn gidi lè wà nídìí ẹ̀ tí ọ́tísíìmù bò mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ tí kìí jáde wọ́pọ̀ lára wọn gan-an, inú tó kún fún ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, àyè wo ló kù fún oúnjẹ níbẹ̀? Oúnjẹ lè máa padà wá sí ọ̀fun kó máa ta á láyà. Eyín lè máa dùn ún. Àwọn míì ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ nǹkan líle lẹ́nu dáadáa, ẹran á kó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan, ẹ ó rò pé ó ti gbé e mì. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ò lè sọ pé "ọ̀fun ń dùn mí," kíkọ̀ tó ń kọ oúnjẹ lọ̀rọ̀ ẹ̀. Torí náà tí ọmọ tó ń jẹ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé kọ̀ ọ́, ẹ má tíì pè é ní agídí, ẹ kọ́kọ́ tan iná sí ẹnu ẹ̀ wò, ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn.

Ó yẹ n sọ̀rọ̀ nípa rírọ ọmọ, torí ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n rọ dàgbà. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ẹ̀, wọ́n á máa da ògì tàbí àgbo sí i, tó bá fẹ́ tutọ́ ẹ̀ dànù wọ́n á dí imú ẹ̀ kó lè gbé e mì. Ìfẹ́ ló mú àwọn ìyá wa ṣe é, nígbà yẹn ọmọ tí kò jẹun, ẹ̀rù ikú ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó gba ọ̀nà òdì lè pá ọmọ lórí, ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀mí ọmọ lè lọ sí i. Ti ọmọ ọ́tísíìmù tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: kò ní gbàgbé. Wọ́n fipá rọ ọ́ ní ẹ̀bà lónìí, lọ́la kò ní wọ kíṣìnì, lọ́tùnla kò ní jókòó lórí àga yẹn mọ́, tó bá rí síbí á ti máa gbọ̀n. Oúnjẹ mẹ́wàá tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ á di méje, á di mẹ́rin. Mi ò tíì rí ọmọ ọ́tísíìmù kan tí ẹgba àti ìfipá mú kó jẹ oúnjẹ púpọ̀ sí i, èyí tí mo rí ni àwọn tí oúnjẹ wọn ń dínkù.

Ẹ̀tàn náà ò dáa. Ọmọ kan wà tí Milo tútù nínú kọ́ọ̀bù ẹ̀ jẹ́ nǹkan tó gbádùn jù láyé. Ìyá ìyá ẹ̀ lọ oògùn ibà, wọ́n pò ó sínú ẹ̀, wọ́n fi ṣúgà púpọ̀ sí i. Ọmọ náà mu ẹ̀ẹ̀kan, ó dúró, ó wo inú kọ́ọ̀bù. Títí di òní kò mu Milo mọ́, kò tún mu nǹkan kan tó láwọ̀ búráùn. Nínú ilé tó jẹ́ pé mílíìkì inú Milo yẹn ni gbogbo kálísíọ̀mù tó ń wọ ara ẹ̀, àdánù ńlá ni. Tí oògùn bá pọn dandan, ẹ wá nǹkan míì fún un, ẹ má fi oúnjẹ tó fọkàn tán ṣe ìbòjú. Oúnjẹ tó fọkàn tán, ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú owó ilé ìwé.

Kí n má ṣe é bí ẹni pé kò sí ewu nínú kó jẹ ìrẹsì funfun nìkan o. Ewu wà. Àwọn dókítà ti kọ̀wé léraléra nípa ọmọ ọ́tísíìmù tó ṣàdédé dáwọ́ ìrìn dúró, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí wọ́n gbé káàkiri, tí wọ́n yẹ egungun wò, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí jẹjẹrẹ, ìgbẹ̀yìn wọ́n wá rí i pé scurvy ni, àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn atukọ̀ ojú omi láyé àtijọ́ torí àìjẹ èso, fítámì C ni kò sí lára ẹ̀ rárá. Àwọn míì, fítámì A tó tán lára ló ba ojú wọn jẹ́. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tún wọ́pọ̀ ju gbogbo ẹ̀ lọ, pàápàá ọmọ tó jẹ́ pé mílíìkì ló ń mu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá ti ń kọjá ìdajì lítà dáadáa lóòjọ́, á yó fún mílíìkì, iron tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ò sì tó nǹkan nínú mílíìkì. Àwọn ọmọ yìí lè sanra o! Ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n á ní "ọmọ yìí ń dán, kò sí nǹkan tó ṣe é." Ẹ má wo ìwọ̀n nìkan, ẹ wo ohun tó wà nínú àwo.

Tí ọmọ bá ń jẹ iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀fun, ọ̀dà ara ògiri, bébà, ìyẹn náà ní ìtumọ̀, ó lè jẹ́ pé iron tàbí zinc ló kéré lára ẹ̀, ọ̀dà àtijọ́ sì lè ní òjé tó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ má lù ú, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

Ó dáa, kí la wá lè ṣe? Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ kan wà ní Amẹ́ríkà, Ellyn Satter, ó pín iṣẹ́ náà sọ́nà méjì, mo sì fara mọ́ ọn gan-an. Iṣẹ́ òbí ni kó mú oúnjẹ wá, kó yan àkókò, kó yan ibi tí wọ́n á ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọmọ ni kó pinnu bóyá òun á jẹ àti iye tóun máa jẹ. Ó dún bí ẹni pé wọ́n fi ọmọ jọba, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, gbogbo àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ yín àfi ọ̀fun ẹ̀. Fún ọmọ ọ́tísíìmù ẹ fi ìkan kún un: nǹkan tó fọkàn tán gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì nígbà gbogbo, ó kéré tán ẹyọ kan. Ẹ fún un ní ìrẹsì funfun tó mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nínú àwo kékeré ọ̀tọ̀, ẹ fi nǹkan tuntun bín-ín-tín, ẹ̀wà méjì, ẹyin tó tó èékánná. Ẹ má fi kàn án. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló le jù fún wa, àwa Yorùbá tí a máa ń sọ pé "jẹ ẹ́ o, ó dùn gan-an o, wo ẹ̀gbọ́n ẹ, ó ti jẹ tiẹ̀, ìkan ṣoṣo péré nítorí mọ́mì." Gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn, ìfipá náà ni lójú ẹ̀. Ẹ jẹ tiyín, ẹ máa tàkúrọ̀sọ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Fún ọmọ tí kò ní ọ́tísíìmù pàápàá, ó lè tó ìgbà 10 sí 15 tó máa rí oúnjẹ tuntun kó tó gbà á, ti àwọn wọ̀nyí máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó jẹ nǹkan, ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà. Kó lè wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹja díndín láìsá jáde, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó fọwọ́ kàn án, kó gbóòórùn ẹ̀, kó fi kan ètè, kó lá a, kó fi sẹ́nu kó tu ú dànù sínú bébà tẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni ìtẹ̀síwájú. Ẹ jẹ́ kó ṣa ẹ̀wà, kó fọ ìrẹsì, kó ya ewé ẹ̀fọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó jẹ ẹ́. Ọwọ́ tó ti mọ nǹkan, ẹnu lè padà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ jù tí mo mọ̀ ni kẹ́ ẹ gba ibi oúnjẹ tó ń jẹ dé ibi tí kò tíì dé, ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó ń jẹ dòdò róbótó, ẹ gé e róbótó bíi ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ din ànàmọ́ róbótó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà dùndún. Ọmọ Indomie, ẹ gbìyànjú spaghetti tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi èròjà kan náà sè, ẹ wá dín èròjà náà kù díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ìrẹsì funfun, òróró kán-ún, lẹ́yìn ẹ̀ jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò pọ́n púpọ̀. Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń ṣìnà: wọ́n á ní "ó ń jẹ àkàrà, ẹ̀wà náà ni, ó yẹ kó jẹ mọ́ínmọ́ín." Rárá o. Ẹ̀wà kan náà ni nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n lẹ́nu wọn kò tan mọ́ra rárá, àkàrà ní èèpo tó le tó ń dún, mọ́ínmọ́ín rọ̀ ó tutù, ẹyin àti ẹja fara pamọ́ sínú ẹ̀. Ọmọ àkàrà, nǹkan díndín mìíràn ló sún mọ́ ọn jù, ẹja tí wọ́n din gbẹ, tàbí ẹyin tí wọ́n din pẹlẹbẹ títí etí ẹ̀ fi le. Ẹ wo bó ṣe ń rí lẹ́nu, ẹ má wo ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ọmọ tó ń jẹ bísíkíìtì yí ilé po láti àárọ̀ kò ní fẹ́ jókòó sídìí àwo. Bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta sí ara wọn, omi nìkan láàárín ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nídìí oúnjẹ. Ẹ wá nǹkan kan fún ẹsẹ̀ ẹ̀ láti tẹ̀, páálí tàbí àpótí, ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń mì dirodiro lórí àga, ara ẹ̀ ò balẹ̀. Pa tẹlifíṣọ̀n, pa jẹnẹrétọ̀ tó bá ṣeé ṣe.

Ti fóònù, àwọn kan á ní ká má fi fóònù fún ọmọ lóúnjẹ rárá. Èmi ò ní bá ìyá tó ti gbìyànjú gbogbo nǹkan jà torí pé ó tan kátúùnù kọ́mọ lè jẹun. Kẹ́ ẹ kàn mọ̀ pé tí ojú ẹ̀ bá wà lára fóònù, kò mọ ohun tó ń jẹ, kò lè kọ́ nǹkan kan nípa oúnjẹ náà. Tí ọmọ bá ń rù, ẹ lò ó. Nígbà tí ara ẹ̀ bá ti bọ̀ sípò, ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bóyá kẹ́ ẹ fi oúnjẹ ìpápánu bẹ̀rẹ̀.

Títí oúnjẹ á fi pọ̀ sí i, ẹ wo bí ẹ ṣe lè mú kí èyí tó ń jẹ lágbára sí i ní gbangba, lójú ẹ̀. Mílíìkì nínú ògì. Ẹyin lára Indomie tó bá lè gbà á. Epo pupa ní fítámì A dáadáa, ọmọ tó bá gba iṣu elépo, ẹ dúpẹ́. Edé lílọ̀ nínú ọbẹ̀ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ fi orí síbí bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń dà á sí i. Fítámì olómi tí dókítà bá kọ náà dáa. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni oògùn tó ń mú kéèyàn jẹun tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni cyproheptadine wà nínú ẹ̀, ó ń múni sùn, ó sì ń mú kébi pani, bẹ́ẹ̀ a ti sọ ọ́ pé ebi nìkan ò lè mú ọmọ yìí jẹ nǹkan tó ń dẹ́rù bà á. Blood tonic náà, ẹ má kàn máa rọ́ ọ sí i láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò, iron tó pọ̀jù máa ń pa ọmọdé lára.

Wọ́n tún ń sọ pé kẹ́ ẹ yọ gbogbo nǹkan tó ní àlìkámà àti mílíìkì kúrò, pé ó ń wo ọ́tísíìmù. Kò sí ẹ̀rí tó dúró dáadáa lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ wa, iṣu, gàrí, ìrẹsì, ògì, kò tiẹ̀ ní àlìkámà nínú, àmọ́ bùrẹ́dì àti Indomie tí wọ́n fi àlìkámà ṣe ni ọmọ yín ń jẹ. Ọmọ tó jẹ́ oúnjẹ márùn-ún ló ní láyé, tẹ́ ẹ bá gba mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù? Ààwẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á fún un, ẹ má ní kó gbà á.

Àwọn àgbà nínú ilé, ẹ má bá wọn jà. "Màmá, ẹ ṣé, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó yó. Dókítà ló ní ká má fipá mú un, pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀rù oúnjẹ máa bà á. Ẹ jẹ́ ká gbé e sílẹ̀ fún un, kó máa wò ó." Orúkọ dókítà máa ń ràn wá lọ́wọ́ nírú ọ̀rọ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ òde, ẹ gbé kúlà tiẹ̀ dání. Ariwo, òórùn ọbẹ̀, èèyàn rẹpẹtẹ, kìí ṣe ibẹ̀ ni ọmọ yìí ti máa kọ́ láti jẹ ìrẹsì ìnáwó, ẹ jẹ́ kó jẹ dòdò ẹ̀ nínú mọ́tò, kẹ́ ẹ wá wọlé. Fún tíṣà náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ẹ má fipá bọ́ ọ, ẹ má gba oúnjẹ ẹ̀ fún ọmọ míì, ẹ má yí àwo ẹ̀ padà.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ fi jókòó sílé. Tó bá ń rù, tàbí tí kò ga sí i. Tí kò bá mu omi. Tí oúnjẹ bá ń há a lọ́fun, tó ń wúkọ́ tó bá ń jẹun. Tí ìgbẹ́ bá ní ẹ̀jẹ̀. Tí ìdí eyín ẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, tó dáwọ́ ìrìn dúró. Tí oríṣi oúnjẹ tó ń jẹ kò bá tó ogún, tó sì tún ń dínkù, tàbí tí kò jẹ èso àti ẹ̀fọ́ kankan rárá. Ọsibítù ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC n'Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé, ẹ béèrè fún dókítà ọmọdé àti onímọ̀ oúnjẹ, tó bá jẹ́ pé gbígbé mì ló jẹ́ wàhálà ẹ béèrè fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ, àwọn náà ló ń wo ọ̀rọ̀ gbígbé oúnjẹ mì. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ gbogbo nǹkan tó wọ ẹnu ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi, bísíkíìtì, gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe tó àti ìgbà tó yàgbẹ́. Ẹ fi fóònù ya fídíò ìgbà tó ń jẹun, ti oúnjẹ tó fẹ́ràn àti ti èyí tó kọ̀, torí níwájú dókítà kò ní jẹ nǹkan kan.